Kodoro Onígbàjámọ̀ àti Aago Inú Dígí

Ẹni tó bá fẹ́ kí Kodoro onígbàjámọ̀ dá òun lóhùn, iwájú dígí ni kó lọ jókòó sí. Ẹ lè wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹ kí i títí ẹnu yín á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ẹ̀yìn ló máa kọ sí yín, á máa nu abẹ. Ìgbà tí ẹ bá tó jókòó, tó ta aṣọ funfun bò yín láyà, tó so ó mọ́ yín lọ́rùn bí ẹni fẹ́ fún yín pa, ìgbà náà ni yóò gbójú sókè, tí yóò wò yín nínú dígí, tí yóò ní, "Báwo la ṣe fẹ́ ẹ?" Àwọn kan ní ìtìjú ló ń ṣe é. Ìtìjú kọ́ o. Ìgbéraga ni, ìbínú sì ni wọ́n fi pò ó.

Kodoro kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo àdúgbò náà tó mọ bí wọ́n ṣe ń fá orí kodoro bíi tirẹ̀. Àwọn ọ̀tá rẹ̀, wọn kò sì kéré, gbà pé bó bá fárí tán, tí eṣinṣin bà lé e, yíyọ̀ ni yóò yọ̀ ṣubú. Ẹni tó bá a jà lánàá á tún padà wá fárí lónìí. Ó ti bá aránbàtà jà nítorí ibòòji. Ó ti bá alágbàfọ̀ jà nítorí bọ́tìnnì. Ó ti bá gbogbo awakọ̀ tó ń ná títì yẹn jà débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi gbogbo. Ìyàwó rẹ̀ ní ìjà nìkan ni oúnjẹ tí òun mọ̀ tí kì í sú u.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kò tilẹ̀ bá sọ̀rọ̀ rárá. Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Jẹ́jẹ́, tó ń gẹrun lórí àga kejì nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ọdún mẹ́fà ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò fi jọ ń gbọ́ òórùn páúdà kan náà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, láìsọ gbólóhùn kan síra wọn.

Ṣọ́ọ̀bù náà rí tóóró. Àga iwájú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì, òun ni bàbá wọn ń lò kó tó kú. Àga ẹ̀yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ìfọwọ́, níbi tí omi ti máa ń ta sí ènìyàn lẹ́sẹ̀. Dígí gígùn kan gba iwájú àga méjèèjì, pẹpẹ sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń to kílípà àti ìgò sí. Lára ògiri ẹ̀yìn ni aago onínọ́ńbà pupa kan wà, irú èyí tí kò lọ́wọ́, tó jẹ́ pé iná tín-tìn-tín ló ń kọ nọ́ńbà rẹ̀. Kì í dúró ní méjìlá. Bó bá di aago kan ọ̀sán, mẹ́tàlá ni yóò kọ. Onígbàjámọ̀ tó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀ kì í rí aago yìí àfi nínú dígí, nínú dígí sì rèé, ọ̀tún ti di òsì. Kò sí bí ènìyàn ṣe máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń kà á lódì. Kodoro ti mọ̀ ọ́n kà débi pé kò mọ̀ mọ́ pé òun ń yí i padà.

Orí aago yẹn gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni Kodoro nígbà tí bàbá wọn gbé aago náà kọ́ sára ògiri, Jẹ́jẹ́ jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Bàbá náà fẹ́ràn kó máa da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ènìyàn lójú. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, láti òru títí di òru, wákàtí mélòó ni dígí kò lè bà jẹ́? Kí ẹ wo aago ní tààrà, kí ẹ wò ó nínú dígí, kó jẹ́ nǹkan kan náà lẹ máa kà."

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí Kodoro fi dáhùn. Mẹ́rin ni, ó ní: 00:00, 01:10, 10:01 àti 11:11. Òdo àti oókan ló ń jáde nínú dígí bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́. Ẹẹ́jọ náà ń jáde bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí wákàtí tó lè bá a mu. Bàbá mi orí sí i. Kodoro wá ń rìn káàkiri ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó ra ilé.

Lọ́jọ́ kẹta, Jẹ́jẹ́ fi ìka bọ ọṣẹ ìfárùngbọ̀n, ó ń kọ nọ́ńbà sára dígí. Ó ní, "Bàbá, mọ́kànlá ni. Ẹ wo eéjì tara aago yìí. Tó bá dénú dígí, aárùn-ún ló ń dà. Aárùn-ún náà ń di eéjì. Tí wọ́n bá jókòó síbi tó yẹ, ṣe ni wọ́n kàn máa gba ipò ara wọn." Ó kọ 12:51, ó ní kí wọ́n kà á láti ẹ̀yìn bí dígí ṣe máa ń ṣe. Ó tún kọ mẹ́fà sí i: 02:50, 05:20, 15:21, 20:05, 21:15, 22:55. Wọ́n wò ó síwá, wọ́n wò ó sẹ́yìn, kò sí èyí tó yẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí bàbá kankan sọ lójú ọmọ méjì. Ó ní, "Kodoro, ìwọ ń wò. Àbúrò rẹ ló ń rí."

Ẹ̀yin lè máa rẹ́rìn-ín, ó dà bí àwàdà létí yín. Ẹ bi Kodoro léèrè. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti kọjá, ọkùnrin náà ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ta á. Bàbá wá kú, kò sọ ẹni tí yóò jókòó sórí àga iwájú. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, Kodoro gbé kílípà tirẹ̀ síbẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò yẹ ká jọ sọ ọ́?" Kodoro dá a lóhùn nínú dígí, ó ní, "Ìwọ tó ń rí, ṣé o ò rí i pé mo ti jókòó ni?" Gbólóhùn tí wọ́n sọ síra wọn kẹ́yìn nìyẹn.

Láti ìgbà náà, oníbàárà ni wọ́n ń rán níṣẹ́. "Ẹ bá mi sọ fún un kó gbé omi rẹ̀ kúrò lọ́nà." "Ẹ bá mi sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé omi wọn ni." Kodoro á gbá irun lọ sábẹ́ àga àbúrò rẹ̀, Jẹ́jẹ́ á rọra gbá a padà, wọn á sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹnì kan á fi dìde lọ mu omi. Ní ọjọ́ Ajé kan, Jẹ́jẹ́ ń súfèé níbi iṣẹ́ rẹ̀. Inú ló dùn, kò bú ẹnikẹ́ni. Kodoro ní ìsúfèé yẹn ń wọ òun lágbárí, ó sọ fóònù ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn. Kò bà á. Abọ́ ìfọwọ́ ló bà. Fóònù fọ́, abọ́ náà fọ́.

Ìyá onílé gbọ́, ó wá. Obìnrin náà kì í gbóhùn sókè, torí kò sígbà kan tó nílò rẹ̀. Ó wo abọ́ tó fọ́, ó wo àwọn méjèèjì bí ẹni ń wo aṣọ tó ti ṣá.

"Ìwé ilé yìí ti fẹ́ parí, mo fẹ́ ṣe tuntun," ó wí. "Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni mo máa kọ sí i. Ẹni yẹn ni màá máa bá sọ̀rọ̀, òun ló máa sọ ẹni tó ń jókòó síbi kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́bọ̀, aago méjìlá ọ̀sán, ẹ̀yin méjèèjì ní ọ́fíìsì mi. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, mo fẹ́ gbọ́ tẹnu kálukú. Ẹni tí mi ò bá rí, mo gbà pé kò fẹ́ nìyẹn. Mo ń rin ìrìnàjò lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni."

Ọkàn Kodoro kò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Àga iwájú yẹn ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní pé àṣìṣe ni bàbá òun ṣe nípa òun. Bí wọ́n bá kọ orúkọ Jẹ́jẹ́, a jẹ́ pé bàbá tún ti inú sàréè rẹ́rìn-ín nìyẹn. Kò sùn dáadáa. Ó ń kọ́ ohun tó máa sọ níwájú dígí, gbogbo ìwà burúkú àbúrò rẹ̀ ló ń kà sórí. Ìgbà tó kà á tán, kò ju ìsúfèé lọ, ó sì tún bínú sí ìyẹn náà.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ìyá onílé ti rán akunlé kan wá kun ògiri ẹ̀yìn. Ní aago mẹ́wàá, Kodoro yára lọ gba ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Bọ́tìnnì kan ti já. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè gba irú ẹ̀. Ó jà, ó ka gbogbo bọ́tìnnì tí alágbàfọ̀ náà ti já fún un láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, pẹ̀lú àwọ̀ wọn. Lójú tirẹ̀, ìjà náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Wákàtí kan gbáko ni.

Nígbà tó wà lọ́hùn-ún, akunlé ní kí wọ́n bá òun gbé aago kúrò lára ògiri. Jẹ́jẹ́ gbé e, ó wá ibi tí ọ̀dà kò ní ta sí, ó gbé e sórí pẹpẹ abẹ́ dígí, láàárín agolo páúdà àti ìgò sípírítì, ó kọjú rẹ̀ sí àwọn àga. Akunlé jáde lọ ra ọ̀dà sí i.

Kodoro wọlé, ó ṣì ń mí gùlegùle. Tíṣà, bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ti ń dúró dè é lórí àga iwájú, ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí itan. Kodoro da aṣọ bò ó, ó gbójú sí apá ibi dígí bó ṣe máa ń ṣe, ó rí nọ́ńbà pupa láàárín àwọn ìgò: 11:01. Aago mọ́kànlá ti kọjá ìṣẹ́jú kan lóòótọ́, aago náà sì kọjú sí i ní tààrà. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ojú ọkùnrin yìí fi ń rí nọ́ńbà pupa níwájú rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì ń yí i padà kó tó ronú. Ó yí i padà. 10:11 ló kà. Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó bá ohun tó ti rò mu, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ká ní ó wò ó ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú ni, tàbí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn, ohun tó máa kà kò ní jọ wákàtí ojúmọmọ kankan, ì bá ti fura. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ló wò ó nígbà náà, inú ìṣẹ́jú tó burú jù ló sì bọ́ sí. Ọ̀nà ọ́fíìsì ìyá onílé kò ju ìrìn ìdajì wákàtí lọ. Ó ní àyè rẹpẹtẹ, lójú ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá orí Tíṣà bí ẹni ń fá orí ọba.

Kò pẹ́, Jẹ́jẹ́ bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó fọwọ́, ó ya irun rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé àsìkò ti ń lọ. Kí wọ́n jẹ́ ká jọ máa lọ."

Abẹ Kodoro dúró lórí àtàrí Tíṣà. Ká jọ máa lọ kẹ̀? Ọdún mẹ́fà! Ó rò ó, kò sí ohun tó rí níbẹ̀ àfi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ọmọ yìí fẹ́ kí òun fi oníbàárà sílẹ̀ ní fífá apá kan, kó lè rí nǹkan rò fún ìyá onílé. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún un pé èmi náà lójú. Mo mọ ohun tí aago wí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ bá ìyá onílé gbálẹ̀ ọ́fíìsì, kó tètè máa lọ."

"Kodoro," Tíṣà wí, "bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́."

"Ẹ má mi orí, Tíṣà. Abẹ ò gbọ́ òwe."

Jẹ́jẹ́ jáde. Kodoro ṣíjú wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín ìkà. Ó fá orí, ó fá irùngbọ̀n, ó gé irun imú, ó da páúdà, ó tún fá ibi tó ti fá tẹ́lẹ̀. Nígbà tó gbójú sí ibi pẹpẹ lẹ́ẹ̀kejì, 12:01 ni aago kọ. Ọkàn rẹ̀ tún yí i padà, ó sì kà á ní 10:51. Ó ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó sọ fún ara rẹ̀, àwọn kan sì ti sáré lọ bí adìyẹ tó gbọ́ ìró àgbàdo. Ó bọ́jú, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ di ibi tí bọ́tìnnì ti já, ó bọ́ sọ́nà.

Oòrùn wà ní àárín orí. Àwọn bíríkìlà ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ń jẹun ọ̀sán. Ó rí wọn, ó ní ọ̀lẹ ni wọ́n, pé àárọ̀ yìí náà ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ kiri. Kò sí ohun tí ojú rẹ̀ rí tí kò rí bó ṣe fẹ́ kó rí.

Ìyá onílé wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ọ́fíìsì rẹ̀, awakọ̀ ń gbé àpótí sínú mọ́tò. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kodoro fẹ àyà, ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti dé ṣáájú àsìkò."

"Àsìkò wo?" Obìnrin náà na ọwọ́ tí aago rẹ̀ wà sí i. "Méjìlá ti kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Mo ti kọ ọ́."

Kodoro kò gbọ́ èyí tó kù. Ó pariwo, "Ẹ fárí lẹ́yìn olórí!"

"Olórí ló gbé orí rẹ̀ pamọ́," ìyá onílé wí. "Ṣé o mọ̀ pé mo dúró ìdajì wákàtí, èmi tí kì í dúró? Àbúrò rẹ ló bẹ̀ mí. Ó ní orúkọ rẹ ni kí n kọ, pé ìwọ lẹ̀gbọ́n. Mo ní mi ò lè kọ orúkọ ẹni tí mi ò rí. Ó tún bẹ̀ mí. Ìgbà tó sú mi, mo ní kó fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i tàbí kí n fún ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù náà." Ó wọ mọ́tò, ó ti ilẹ̀kùn.

Jẹ́jẹ́ súnmọ́ ọn. Ó na ìwé náà síwájú, ó la ẹnu bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò rán ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ lásán nìyí. Àga iwájú, tiyín náà ni."

Àyè nìyẹn. Ọlọ́run ìbá jẹ́ kó gbà á! Ṣùgbọ́n Kodoro ti rí ohun tó ń wá. Ó gbá ìwé náà bọ́ sílẹ̀. "Olè!" ó ké. "Olè aago! O yí aago sẹ́yìn kí n má bàa dé! Ẹ bá mi wo ojú olè! Ẹ tẹ̀ lé mi, ẹ wá wò ó bóyá irọ́ ni mo ń pa!" Àwọn tó ń kọjá dúró. Ẹnì kan yọ fóònù, ó ń ya wọ́n. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó mú ìwé, ó gbọn eruku ara rẹ̀.

Kodoro ló ṣáájú padà, èèyàn bíi mẹ́fà ń tẹ̀ lé e, torí kò sẹ́ni tó ń kọ ìran ọ̀fẹ́. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń pe àbúrò rẹ̀ ní olè. Ó já wọ ṣọ́ọ̀bù, ó kọjú sí ògiri ẹ̀yìn, ó na ìka. Ògiri funfun ló bá, ọ̀dà tútù, kò sí aago.

"Aago dà? Ó ti gbé e pamọ́!"

Akunlé wò ó láti orí àkàbà. "Aago kẹ̀? Òun ló wà lẹ́yìn yín yẹn, lórí pẹpẹ. Èmi ni mo ní kí àbúrò yín bá mi gbé e láàárọ̀, kí ọ̀dà má ta sí i. A ò fọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀."

Kodoro yípadà. Nọ́ńbà pupa wà láàárín páúdà àti sípírítì, 13:27. Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ yí i padà bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, ohun tó jáde kò jọ nǹkan kan. Ó tún wò ó. Ó fọwọ́ kan orí aago náà bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò tó ṣì gbóná. Tíṣà, tí kò tíì lọ, tó sì ti wọ awò rẹ̀, ní, "Ó kúkú tọ̀nà o. Ó bá tọwọ́ mi mu." Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín.

Ìtìjú bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Wọ́n gbé e sí iwájú rẹ̀ gbọnrangandan, ó kà á lódì. Wọ́n tún pè é lẹ́nu ọ̀nà pé kó jẹ́ kí wọ́n jọ lọ, ó gbọ́ ọ lódì. Ó sì ti pe ọmọ ìyá rẹ̀ ní olè ní gbangba títì, kò síbi tí wọ́n ti ń lọ kó ìyẹn padà. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí kò sọ irú rẹ̀ rí.

Jẹ́jẹ́ wọlé, ó gba àárín àwọn tó ń wòran kọjá. Kodoro bá kó abẹ rẹ̀, ó kó kílípà, búrọ́ọ̀ṣì àti aṣọ funfun rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ iwájú, ó kó wọn lọ síbi àga ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ tó fọ́. Ó tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹrí sílẹ̀, ó ní, "Aago mélòó ni kí n máa dé?"

Gbogbo wọn ń retí kí Jẹ́jẹ́ ní, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Tíṣà tilẹ̀ ti ń mi orí fún un pé kó sọ ọ́. Jẹ́jẹ́ fi ìwé náà sínú àpótí pẹpẹ, ó ti i. Ó jókòó sórí àga iwájú.

"Aago mẹ́jọ," ó wí. "Ẹ má pẹ́."

Kodoro ní òun ti gbọ́.